Ọ̀pá Bílíádì Àwọn Ọ̀gá Oníṣọ̀nà Amẹ́ríkà: Èwo Ni Iṣẹ́ Ńlá?

Nígbà tí a bá dárúkọ iṣẹ́ ọnà, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn wa ni ère, àwòrán, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àti aṣọ àrà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa ronú kan ọ̀pá tí a fi ń ta bọ́ọ̀lù lórí tábìlì ní ilé eré. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń kó irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ jọ bí ọba ti ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ, tí wọ́n sì ń san owó tí ó lè ra ọkọ̀ tuntun sórí ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n ti to àwọn tí ó ṣe é ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ti sọ ẹni tí ó jẹ́ àgbà àti ẹni tí ó jẹ́ àbúrò. Ìdájọ́ wọn yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ìdájọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ tí àwa olùkọ́ ń ṣe lójoojúmọ́, ó sì dára kí a máa wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é, kí a rí ibi tí wọ́n ti ṣìnà àti ibi tí wọ́n ti rìn dáadáa.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọ̀pá náà jẹ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínǹsì 57 sí 58, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín áúńsì 18 sí 21. Igi méépù líle ti àríwá Amẹ́ríkà ni a fi ń ṣe apá iwájú rẹ̀, nítorí pé igi náà le, ó sì ń nà tọ́ọ́rọ́. Awọ kékeré kan wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀; òun nìkan ni ó ń kan bọ́ọ̀lù. Ní apá ìdí, a máa ń ki igi dúdú tàbí igi pupa bọ inú igi méépù bí eyín ṣóńṣó mẹ́rin, a ó sì fi pákó pẹlẹbẹ aláràbarà tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ wọn. Níbi tí ọwọ́ ń dì mú, òwú ọ̀gbọ̀ ni a ń wé mọ́ ọn. Ìdè kan wà láàárín, tí a fi lè tú ọ̀pá náà sí méjì, kí ẹni tí ó ni ín lè fi í sínú àpò rìnrìn àjò.

Eyín ṣóńṣó mẹ́rin yìí ni ojúlówó ìdánwò agbẹ́gi. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun orí gùn ju èkejì lọ, ojú yóò rí i. Bí àlàfo bá sì wà láàárín igi méjèèjì, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n, etí pàápàá yóò gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀pá bá kan bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ohun tí ojú ń pè ní ọ̀ṣọ́ nínú ọ̀pá yìí, egungun rẹ̀ gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ ni Herman Rambow ti ìlú Chicago, tí a bí ní 1881, tí ó sì kú ní 1967. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Brunswick kí ó tó dá dúró, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún kí ó tó fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Willie Hoppe àti Willie Mosconi, àwọn méjì tí kò sí ẹni tí ó ń sọ ìtàn eré yìí tí kì í dárúkọ wọn, lo ọ̀pá tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀pá Rambow kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ó tọ́, ó dọ́gba, ìwúwo rẹ̀ wà níbi tí ó yẹ kí ó wà, ó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ olùkójọ kà sí i lọ́rùn ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tàn yòò lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá gbòǹgbò igi yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a óò dé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni George Balabushka, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti di òwe láàárín àwọn olùkójọ. Ilẹ̀ Russia ni a bí i sí ní 1912. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1924, ó sì di agbẹ́gi. Ní 1959, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilé eré bílíádì ní Brooklyn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀pá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọdún Kérésìmesì. Ohun tí ó fi ṣe ẹ̀bùn ni ó di iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1975. Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí gbà pé gbogbo ọ̀pá tí ó ṣe kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lé díẹ̀ lọ. Wọ́n fi í wé Stradivari, aṣe-fayolíìnì ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì fi í ṣe olórí gbogbo wọn.

Èmi kò bá wọn jà lórí pé ọ̀gá ni Balabushka. Ohun tí mo fẹ́ kí a bèèrè ni èyí: kí ni a ń yìn nígbà tí a bá ń yìn ín? Nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ń ki eyín ṣóńṣó mẹ́rin yẹn bọ inú igi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pá aláìlédè tí ilé iṣẹ́ Brunswick ń ṣe fún àwọn ilé eré, èyí tí wọ́n ń pè ní Titlist, ni ó ń gé, tí ó ń fá, tí ó sì ń sọ di ọ̀pá olójú méjì. Nígbà tí ó yá, ó ra igi tí Burton Spain ti Chicago ti so pọ̀. Ní ìparí ayé rẹ̀, ti Gus Szamboti ni ó ń lò. Bí ó bá jẹ́ pé eyín náà ni egungun ọ̀pá, a jẹ́ pé egungun ẹlòmíràn ni Balabushka fi ẹran àti awọ bò.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá yára yóò wí pé ọ̀gá kọ́ ni, ayọ́lé lásán ni. Ìdájọ́ náà kò tọ́. Ẹni tí ó ra iṣu lọ́jà kọ́ ni kò mọ iyán gún. Yíyan igi, fífi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, fífá a díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà wọ́, mímọ ibi tí ìwúwo yóò dúró sí, àti síso ìdè rẹ̀ kí ọ̀pá méjì lè dún bí ẹyọ kan, gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ àti sùúrù, Balabushka sì ṣe é tí àwọn ọ̀gá eléré fi jẹ́rìí sí i. Àṣìṣe tí mo rí ni ti àwọn tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Brunswick tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ, tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ni wọ́n ṣe ibi tí ó ṣòro jù lọ nínú díẹ̀ lára ọ̀pá tí à ń pè ní ìyanu lónìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó yẹ kí ìyìn náà jẹ́ àgbájọ.

Ohun tí ó sọ orúkọ Balabushka di ti gbogbo ayé ni sinimá kan tí Martin Scorsese ṣe ní 1986, The Color of Money. Nínú rẹ̀, àgbà eléré tí Paul Newman ṣe fi ọ̀pá Balabushka ta ọ̀dọ́mọkùnrin tí Tom Cruise ṣe lọ́rẹ, bí ẹni tí ó gbé ọ̀pá àṣẹ lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fọwọ́ kan bílíádì rí ni ó ti ibẹ̀ mọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wọ́n rí kì í ṣe ti Balabushka rárá. Ilé iṣẹ́ Joss, èyí tí Dan Janes àti Bill Stroud dá sílẹ̀ ní Baltimore ní 1968, ni ó ṣe é, wọ́n sì ṣe é kí ó jọ ti Balabushka. Aráyé ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan, wọ́n ń yin òmíràn! Bí ojú àwọn òǹwòran bá lè fi tayọ̀tayọ̀ gba èyí, kí ni a óò sọ nípa ìdájọ́ tí ó dúró lórí orúkọ nìkan? Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ayédèrú Balabushka wà lọ́jà. Ibi tí orúkọ bá ti níye lórí ju iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ ni ayédèrú ti ń rí jẹ.

Ní tèmi, Gus Szamboti ti ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni ọwọ́ rẹ̀ mú ẹwà àti ìwúlò dọ́gba jù lọ. A bí i ní 1926, ó kú ní 1988. Ayàwòrán ni ó jẹ́ nídìí iṣẹ́ ajé kí ó tó di aṣọ̀pá. Ọ̀pá àwọn ẹlòmíràn ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń ki eyín bọ igi fúnra rẹ̀, títí tí àwọn ọ̀gá mìíràn fi ń wá ra tirẹ̀. Ojú ayàwòrán hàn nínú bí ó ti ń to àwọ̀ àwọn pákó pẹlẹbẹ rẹ̀, àwọ̀ kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí a bá sì yọ ẹwà náà kúrò, ọ̀pá náà kò ní dúró, nítorí ẹwà náà ni ó so ó ró. Ọmọ rẹ̀, Barry, jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní iṣẹ́ ńlá.

Ernie Gutierrez ti Los Angeles, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Ginacue, gba ọ̀nà mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó fi eyín erin, fàdákà àti igi dúdú dá àrà sára ọ̀pá bí ẹni tí ń kọ ilà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tẹ̀lé e, títí tí àwọn ọ̀pá kan fi wà lónìí tí kò sí àyè tí ọnà kò sí lára wọn. Gutierrez fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Ọ̀ṣọ́ tí ó bá pọ̀ dé ibi tí ẹ̀rù ń ba ẹni tí ó ni ọ̀pá láti fi ta bọ́ọ̀lù ti kúrò ní ọ̀ṣọ́, ó ti di ẹrù.

Ohun kan tún wà tí àwa ará Áfíríkà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Igi dúdú tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ, tí wọ́n ń pè ní ẹ́bónì Gàbọ́ọ̀nù, inú igbó wa ni ó ń hù, láti Nàìjíríà dé Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ eyín erin tí wọ́n fi ṣe ọnà wọ̀nyẹn, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti wá. Àwọn agbẹ́ eyín erin ti Ọ̀wọ̀ ti fi irú eyín bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ fún ọba kí ẹnikẹ́ni tó ronú àti fi í ṣe ìdè ọ̀pá bílíádì. Ní 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò láti fòfin de òwò eyín erin láti ilẹ̀ kan sí èkejì; ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fún òfin tirẹ̀ mọ́ra gidigidi. Àwọn aṣọ̀pá wá bẹ̀rẹ̀ sí lo egungun ẹran àti ohun àtọwọ́dá. Nínú àwọn ìwé tí ń ka iye owó ọ̀pá, a óò rí orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọdún tí ó ṣe é àti ẹni tí ó ti lò ó rí. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ka erin mọ́ àwọn tí ó san owó náà.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pá tí ó dára jù lọ yìí wà nínú àpótí dígí, a kò fi wọ́n ta bọ́ọ̀lù mọ́. Bí ẹfun bá kàn wọ́n, iye owó wọn yóò dínkù. Mo mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti àwọn olùkójọ, púpọ̀ nínú wọn ìbá ti ṣẹ́ tàbí kí wọ́n ti sọnù, a sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ti lè fi ojú nìkan mọ ohun tí Rambow mọ̀, tàbí ohun tí Balabushka fi sùúrù wá. Ọwọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pá tí ọwọ́ ọ̀gá eléré ti dán ibi ìdìmú rẹ̀ ní ẹ̀rí kan lára tí ọ̀pá tuntun nínú dígí kò lè ní láéláé.

Nítorí náà, bí a bá ní kí n tò wọ́n, n óò fi Rambow ṣe bàbá, n óò fi Balabushka ṣe ẹni tí ó gbé orúkọ iṣẹ́ náà jáde, n óò sì fún Szamboti ní ipò kìíní nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. N óò fi Burton Spain àti àwọn òṣìṣẹ́ aláìlórúkọ ti Brunswick sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí wọn. Ẹlòmíràn lè tò wọ́n lọ́nà mìíràn, n kò ní bínú, bí ó bá ti lè sọ ìdí rẹ̀ láìmẹ́nu kan owó. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá sí iwájú wa, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi í: kí ni a ó fi í ṣe, ta ni ó bá ọ ṣe é, níbo ni o sì ti rí ohun tí o fi ṣe é? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ olówó tí ń kó ọ̀pá jọ kò tíì mọ̀.