Fitz Níwájú Afurasí: Ìjẹ́wọ́ Nínú Eré Cracker

Nígbà tí Cracker bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ITV nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1993, inú gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ la ti kọ́kọ́ pàdé Dókítà Eddie Fitzgerald, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Fitz. Ńṣe ló ń ju ìwé Spinoza àti ti Descartes sáàárín àwọn tó wá gbọ́rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ tilẹ̀kùn mọ́rí, kí wọ́n yẹ inú ara wọn wò. Gbogbo eré náà ló rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Jimmy McGovern, ọmọ Liverpool tó dá eré náà sílẹ̀, fi àbùkù kún Fitz dẹ́nu. Ọ̀mùtí ni, sìgá kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó ta tẹ́tẹ́ débi tó fi fọwọ́ kan owó ilé, Judith ìyàwó rẹ̀ sì kẹ́rù jáde. Robbie Coltrane ṣe é débi pé BAFTA fún un ní ẹ̀bùn òṣèrékùnrin lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Manchester kò ju kó jókòó ti afurasí, kó jẹ́wọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, kó fi ìyẹn tú ti onítọ̀hún síta. Àlùfáà Kátólíìkì ni, àyàfi pé kò ní ìdáríjì kankan lọ́wọ́.

Ìtàn táwọn èèyàn ń yìn jù ni “To Be a Somebody” ti 1994. Albie Kinsella, tí Robert Carlyle ṣe, ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀ ni. Pẹ́ńsì mẹ́rin péré ló kù nínú owó ọjà tó fẹ́ san, Shahid Ali onísọ́ọ̀bù, ọmọ Pakistan, kọ̀ láti fojú fò ó. Albie fárí, ó fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn pa ọkùnrin náà, ó sì kọ 9615489 síbẹ̀. Fitz ló tú u: èèyàn 96, ọjọ́ 15, oṣù 4, ọdún 1989. Ọjọ́ tí èrò tẹ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool pa ní pápá Hillsborough ni; lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn The Sun di ẹ̀bi rù wọ́n. Ìgbà tó di 2016 ni ìwádìí ikú wọn tó sọ pé wọ́n kú ikú àìbófinmu, pé àwọn olólùfẹ́ kò jẹ̀bi. McGovern ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́, ẹnu apànìyàn ló sì fi í sí. Ó le, ó sì gba ìgboyà.

Síbẹ̀, inú mi kò dùn sí bí òṣùwọ̀n ṣe tẹ̀. Ọ̀fọ̀ Albie la gbọ́ ní kíkún, àmọ́ ta ni Shahid Ali? A mọ̀ pé ó le lórí pẹ́ńsì mẹ́rin. Ọgbọ́n Fitz pàápàá kò tètè dé: kó tó mú Albie, Albie ti gún Bilborough, ọ̀gá ọlọ́pàá, pa, lẹ́yìn tí Beck, ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀, ti ní Albie lọ́wọ́ tó sì fi í sílẹ̀.

Lójú tèmi, ìtàn tó ju ìyẹn lọ ni “One Day a Lemming Will Fly”, tó parí ọwọ́ àkọ́kọ́ ní 1993. Wọ́n pa ọmọ ilé-ìwé kan, wọ́n sì fura sí Cassidy olùkọ́ rẹ̀. Fitz fi ẹnu dídùn mú un jẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìjẹ́wọ́, Cassidy sọ fún un pé òun kọ́. Fitz sáré lọ bá Bilborough, ìyẹn kọ̀ jálẹ̀: aráàlú ń fẹ́ ẹni tí wọ́n máa dì mú.

Nígbà yẹn gan-an, lóde eré, ẹjọ́ obìnrin kan tí wọ́n pa ní Wimbledon Common ní 1992 wà nílẹ̀. Ọlọ́pàá ti gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, wọ́n sì rán obìnrin ọlọ́pàá kan kó díbọ́n bí ẹni tó ń fẹ́ afurasí náà, bóyá á jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1994 adájọ́ da ẹ̀rí náà nù, ó sì bá ọ̀nà tí wọ́n gbà wí. Ní 2008, ẹlòmíràn gbà nílé ẹjọ́ pé òun lòun pa á. Ní ti ọmọ ilé-ìwé inú eré, McGovern parí ìtàn láìfi apànìyàn rẹ̀ hàn wá.