Etí Mẹkáníìkì

Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ rò pé inú títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ni adùn iṣẹ́ mẹkáníìkì wà. Lójú tèmi, inú gbígbọ́ ló wà. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá pé kò lágbára mọ́, òkè Mókọ́lá ní Ìbàdàn ni mo ń gbé e lọ. Màá pa rédíò, màá sọ gíláàsì kalẹ̀, màá fi í sí jíà kẹrin níbi tó yẹ kó wà ní ìkẹta, màá sì tẹná mọ́ ọn. Bó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí owó ẹyọ tí wọ́n ń mì nínú agolo, epo ló ń gbiná láìtíì kàn án. Bó bá jẹ́ gbà-gbà-gbà, tó wúwo, tí kò dákẹ́ kódà nígbà tí ọkọ̀ dúró, bíárìn ti lọ nìyẹn, kí onímọ́tò máa wá owó.

Nínú sílíńdà, písítìnì á fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, pọ́ọ̀gì á ṣáná, iná á sì máa ràn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń fún mọ́ra sí i. Bí kò bá lè fara dà á, gbogbo rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ á sì kọlu ògiri. Ìyẹn ni ariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí à ń gbọ́. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, á jẹ orí písítìnì, á sì ṣẹ́ ríìnì.

Ìfaradà yìí ni octane ń wọ̀n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún iso-octane ní 100, wọ́n fún heptane ní òdo. Epo tó bá ṣe bí àdàlù iso-octane 90 àti heptane 10 ni wọ́n ń pè ní 90. Camry tí wọ́n ṣe fún 87 kò ní tìtorí 93 sáré sí i, ẹni tó bá sì ń da oògùn inú ìgò sí tánkì rẹ̀ ń fowó ṣòfò ni. (Kẹ́ ẹ má bẹ̀rù 87 ti tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà: ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 91 ní ìwọ̀n RON ti Yúróòpù.) Ẹ́ńjìnnì tó ní turbo, tàbí èyí tó ń fún epo pọ̀ gan-an, ló ń jàǹfààní octane gíga.

Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan, ni mo fi kọ́ etí yìí. Èèyàn á tú nọ́ọ̀tì dísítíríbútọ̀, á yí i bíńtín, á dè é padà, ó di orí òkè. Yí i síwájú jù, ọkọ̀ á jí pépé, ṣùgbọ́n á máa ké. Fà á sẹ́yìn jù, ariwo á tán, ọkọ̀ á wá di ọ̀lẹ tó ń mu epo, á sì máa gbóná. Ibì kan wà láàárín méjèèjì tí ọkọ̀ ti ń gun òkè tọkàntọkàn, tó kàn ń ké fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹná. Ibẹ̀ ni mo máa ń wá. Ìwé ò lè tọ́ka rẹ̀ tán, torí èédú tó lẹ̀ mọ́ orí písítìnì ọkọ̀ tó ti gbó ti dín àyè inú sílíńdà kù.

Nígbà yẹn, òjé wà nínú epo. Thomas Midgley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Motors ló rí i ní 1921 pé ó ń pa ariwo yìí. Ó ń pa èèyàn náà díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tí à ń fi ẹnu fa epo látinú tánkì ò sì ṣàárò rẹ̀.

Ní báyìí, sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n dè mọ́ ara búlọ́ọ̀kù ló ń gbọ́. Ìgbọ̀nrìrì tó tó nǹkan bí 6,000 sí 7,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń ṣọ́, kọ̀ǹpútà á sì fa táímìn sẹ́yìn kí etí èèyàn tó ta sí i. Mo gbà fún un. Kì í rẹ̀ ẹ́, rédíò kì í sì í dí i lọ́wọ́. Àmọ́ bó bá dití, kọ̀ǹpútà á fa táímìn sẹ́yìn nítorí ìbẹ̀rù, ọkọ̀ ò sì ní lè gun òkè mọ́. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò á kọ kóòdù P0325, ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ ra sẹ́ńsọ̀." Màá ní kó kọ́kọ́ tọ wáyà rẹ̀ dé abẹ́ máníífólù. Eku ló sábà máa ń jẹ ẹ́ níbẹ̀.