Níbi Tí Ojú Irin Parí Sí

Ọmọ onílùú kì í sábà gbójú sókè wo ilé ìlú rẹ̀. Ọjà tó fẹ́ ná ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kan sáárá sáwọn tó ń wá ilé àtijọ́ kiri.

Ìlú Ìdógò ni ojú irin tó yà ní Ìfọ̀, tó gba Ìlaró kọjá, parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú náà, kó tẹ̀ lé irin yẹn, kó sì máa wo iwájú ilé. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí, tí sìmẹ́ǹtì ti bó, ẹ ó rí amọ̀ pupa lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo òkè ilẹ̀kùn náà, bóyá wọ́n kọ ọdún síbẹ̀. Bí fèrèsé bá tẹ̀ bí ọrun, tí òdòdó sìmẹ́ǹtì yí i ká, ọnà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé nìyẹn.

Àwọn kan tilẹ̀ ń tún ilé àtijọ́ ṣe: ní Èkó, ẹgbẹ́ Legacy, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, tún Jaekel House ṣe ní ọgbà reluwé Èbúté Mẹ́tà. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Orí Ilojo Bar, ilé àtijọ́ mìíràn ní Èkó, kò gbè é tó bẹ́ẹ̀: ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ìkéde lásán kì í dá katakata dúró.

Ìwà tó wù mí jù lọ́wọ́ àwọn awálé yìí ni pé ìkíni ló ń ṣáájú kámẹ́rà: “Ẹ kúulé o, mà. Ta ló kọ́ ilé yìí?” Ìyá á fa àga síta, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.