"Ogunde": Fèrè John Coltrane ní Harlem, 1967

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 23 oṣù April ọdún 1967, John Coltrane, afunfèrè sasofóònù, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé kan ní òpópó 125 ní Harlem, ní ìlú New York. Ilé náà ni Ilé Àṣà Áfíríkà tí Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀. A fi ẹ̀rọ gba ohùn eré náà sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 17 oṣù July, Coltrane ti kú. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni ó pa á, ọmọ ogójì ọdún sì ni. Ó tún ṣeré ní Baltimore nínú oṣù May, ṣùgbọ́n ti Harlem yìí ni ìkẹyìn nínú àwọn eré ojú agbo rẹ̀ tí ó di àwo. Ọdún 2001 ni a tó gbé àwo náà jáde.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè wí pé ariwo lásán ni, kí ó sì pa ẹ̀rọ dé. Àwa kò gbà pé ariwo ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní fi àbùkù rẹ̀ pamọ́.

Kí a tó dá a lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ilé tí ọkùnrin náà ti jáde wá. Bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ àti bàbá tí ó bí ìyá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà nínú ìjọ A.M.E. Zion ní North Carolina. Nígbà èwe rẹ̀, ọtí àti oògùn olóró mú un lẹ́rú. Ní ọdún 1957 ó bọ́ nínú méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni. Ní oṣù December ọdún 1964 ó ṣe àwo tí ń jẹ́ *A Love Supreme*. Apá kẹrin rẹ̀ ni ó pè ní Sáàmù. Ó kọ àdúrà sí ara páálí àwo náà, ó sì fi fèrè ka àdúrà ọ̀hún, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, láìla ẹnu rẹ̀ sọ ohunkóhun. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ dùndún kò ní béèrè bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Èdè wa ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ìlù ń tẹ̀lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mú ìwé àdúrà náà lọ́wọ́ kì yóò mọ ọ̀rọ̀ tí fèrè ń wí.

Ní Harlem, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. "Ogunde" ni orin kìíní. Láti inú orin àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Bùràsíìlì ni orúkọ náà ti wá, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí a ó túmọ̀ rẹ̀ fún. (Kí orúkọ òrìṣà má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni nínú wa, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jẹ́ Ògúndélé ni ó ń gba oúnjẹ Olúwa.) Nínú oṣù March ọdún kan náà ni Coltrane ti fun orin yìí nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó sì tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀: orin pẹ̀lẹ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí orin ìjọ ní ìrọ̀lẹ́. Ní Harlem ó di ìṣẹ́jú 28. Coltrane fun ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì yẹra fún Pharoah Sanders, ọmọ ọdún 26. Sanders kò fun orin. Igbe ni ó ń ké. Ó ń fẹ́ fèrè kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn méjì mẹ́ta ń jáde nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti ń sá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: nígbà tí ó bá figbe ta, kì í to gbólóhùn pọ̀, síbẹ̀ kò sí aládùúgbò tí yóò wí pé igbe náà kò ní ìtumọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alice Coltrane, ìyàwó olórí ẹgbẹ́, tẹ píánò, ó sì ń ṣàn bí omi lábẹ́ afárá. Nígbà náà ni Coltrane padà wọlé. Ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Ó lè fi fèrè rẹ̀ ṣe ọ̀gá lórí ọmọdé náà, kí ó fi hàn pé òun ni àgbà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú igbe tí Sanders fi sílẹ̀ ni òun náà gbà wọlé, ó sì ń wá orin náà kiri nínú rẹ̀ títí ó fi rí i. Ohun tí ó ná an kì í ṣe kékeré. McCoy Tyner tí ń tẹ píánò fún un fi í sílẹ̀ ní òpin ọdún 1965. Elvin Jones onílù tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966. Nínú àwọn ti àtijọ́, Jimmy Garrison nìkan ni ó kù.

Orin kejì, "My Favorite Things," kò tó ti ìṣáájú. Orin eré orí ìtàgé ti ọdún 1959 ni. Coltrane sọ ọ́ di olókìkí nígbà tí ó fi sasofóònù kékeré olóhùn òkè fun ún ní ọdún 1960. Ní Harlem ó lé ní ìṣẹ́jú 34, Garrison nìkan ni ó sì ń ta okùn báàsì fún ìgbà pípẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí orin tó jáde, ó ti rẹ etí. Nígbà tí ó sì jáde tán, wẹ́wẹ́ ni a rí i, bí ìkòkò tí ó fọ́. Ẹni tí kò mọ ti ọdún 1960 kì yóò mọ ohun tí a fọ́. Ìgbohùnsílẹ̀ náà pẹ̀lú burú: ìlù àti fèrè bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ohùn ń ya, a sì ń fi etí wá píánò.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti bàtá. Algie DeWitt lu bàtá ní ọjọ́ náà, ìlù tí àwọn ẹrú Yorùbá gbé dé Kúbà tí ó sì ti ibẹ̀ dé New York. Awo ìlù yóò rẹ́rìn-ín: bàtá, ìlù Ṣàngó, ni a lù sí orin tí a fi Ògún pè, nígbà tí àgẹ̀rẹ̀ wà. Ẹ̀rín yẹn kéré. Bàtá mọ ọ̀rọ̀ í sọ, bí ó tilẹ̀ ń kólòlò. Nínú àwo yìí, ìlù òyìnbó Rashied Ali ti bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ilé tí ọmọ Àjídò dá sílẹ̀, ohun èlò kan tí ó ní èdè ni a kò gbọ́.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi í kọ́ kíláàsì rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ "Ogunde" ti oṣù March lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, títí wọn yóò fi lè kùn ún lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni kí ó ṣí ti Harlem, kí ó sì ní kí ọmọ tí ó bá tún gbọ́ orin náà nínú igbe nawọ́ sókè.