Ọ̀mọ̀wé Tó Mọ Iṣẹ́: Àríwísí Lórí Oyè Dókítà fún Ẹnjiníà Tó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa fún ẹnjiníà tó bá ní òun fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ, kí òun sì tún máa kàwé gba oyè dókítà. Wọ́n á ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó gbájú mọ́ ìkejì. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo sì rí i pé òwe náà kò ní àbùkù. Ibi tí a ń lò ó sí ni kì í sábà tọ́. Bí iṣẹ́ tí ẹnjiníà ń ṣe bá jẹ́ ohun tí ìwádìí rẹ̀ dá lé, eku kan ṣoṣo ló ń lé. Bí iṣẹ́ bá wà níhìn-ín tí ìwádìí wà lọ́hùn-ún, eku méjì ni, òwe sì ti dá a lẹ́jọ́ tán. Ìwọ̀n tí n óò fi wọn oyè yìí nìyẹn.

Yorùbá ń pe ẹni tó gba oyè dókítà ní ọ̀mọ̀wé, ẹni tó mọ ìwé. Orúkọ náà bá onímọ̀ ìtàn àti onímọ̀ èdè mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó mọ ìwé, tí kò mọ iṣẹ́, ewu ni. Afárá kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ kó tó wó. Ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń gbà dé ìdí orúkọ méjèèjì. COREN, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1970 láti máa bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, ló ń fi orúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, wọ́n sì máa ń wo ìrírí tó ní lẹ́nu iṣẹ́. Yunifásítì ló ń fúnni ní PhD, ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ni wọ́n sì ń wò. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì á kan ilẹ̀kùn méjì, àwọn tó wà nínú ilé méjèèjì kì í sì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn ìlú mìíràn ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà ṣáájú wa. Ní 1899, Kaiser Wilhelm Kejì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì, láṣẹ láti máa fúnni ní oyè Doktor-Ingenieur. Àwọn yunifásítì àtijọ́ takò ó. Nígbà tí wọn kò rí i dí lọ́nà, orúkọ oyè náà jẹ́ ti èdè Jámánì, kò jẹ́ ti Látìnì bíi ti àwọn oyè àtijọ́, kó lè hàn pé ó yàtọ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe oyè náà ló ń gba owó oṣù bí òṣìṣẹ́.

Ní Ìlú Ọba, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn lé lórí ni pé ẹni tó gba PhD mọ ohun kan jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń rìn. Ìgbìmọ̀ tí John Parnaby darí jábọ̀ lórí rẹ̀ ní 1990, oyè EngD sì bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò náà ni olùwádìí ń lò nínú ilé-iṣẹ́. Ó ní olùtọ́sọ́nà kan ní yunifásítì, ó sì ní òmíràn níbi iṣẹ́.

Ẹni tó bá ti rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì yóò rí i pé ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í fi ọdún mẹ́ta kàwé nípa ẹ́ńjìnnì kó tó fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ oníbàárà ni ìwé rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ni olùdánwò rẹ̀, bí oníbàárà bá sì ń bínú padà wá lọ́jọ́ kejì, èsì ìdánwò ti jáde nìyẹn. Àbùkù tí mo rí nínú ìkọ́ṣẹ́ tiwa ni pé a kì í kọ ohun tí a mọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá kú, ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sì bá a wọ káà ilẹ̀. Ibi tí oyè bí EngD ti dára jù lójú mi nìyí: ó fi ìwé kún ìkọ́ṣẹ́. Ó fi dandan lé e pé kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń yọrí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó nìkan ló lè so méjèèjì pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, tí wọ́n bí ní Oshòdì ní 1937, gba PhD ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, ó sì padà gba DSc lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú ohun tó wádìí ni bí ohun líle tí a gbé ka ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ìṣirò inú rẹ̀ kọjá agbára kíláàsì wa. Síbẹ̀, nígbà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ó gbé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ Opel tirẹ̀ láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, iṣẹ́ tó wúlò ní orílẹ̀-èdè tó yí ìwakọ̀ rẹ̀ padà sí apá ọ̀tún ní 1972. Ó tún jíìpù kan tò, ó pè é ní Autonov 1, ó sì lè fi gbogbo jíà rẹ̀ sáré síwájú àti sẹ́yìn. Awójọbí kú ní 1984, kò tíì pé ọmọ ọdún 48. Lónìí, kò sí Autonov lójú pópó wa. Ọlọ́gbọ́n kan lè so ìwé mọ́ iṣẹ́ nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ilé-iṣẹ́ tó bá a gbé e, ohun tó so a máa tú.

Níhìn-ín ní Olúpọ̀nnà, ìbéèrè Awójọbí ṣì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ kọnkéré. Bó bá ti ń lọ, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì á tú, béárìn á jẹ, bẹ́líìtì á já. Ìyá tó ni ẹ̀rọ á pe alátùnṣe, á sanwó. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi ránṣẹ́ pè é. Alátùnṣe mọ ìgbà tí yóò bàjẹ́, kò lè sọ ìdí rẹ̀ tán. Onímọ̀ ìwé mọ ìṣirò ìgbọ̀n, kò mọ ẹ̀rọ ìyá yẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ẹnjiníà kan tó wà níbi tí wọ́n ti ń rọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá fi ọdún mẹ́rin wádìí bí ìgbọ̀n náà ṣe lè dín kù, tó sì yọrí, èmi á pè é ní dókítà láìjanpata.

Ṣùgbọ́n n kò ní yin oyè yìí kí n gbàgbé àbùkù rẹ̀. Èkíní, ẹni tó ń sanwó ló sábà máa ń yan ìbéèrè. Ilé-iṣẹ́ lè fẹ́ ohun tí yóò mú èrè wá lọ́dún yìí, kó má fẹ́ ohun tí yóò ṣe ìlú láǹfààní fún ogún ọdún. Ó tún lè ní kí wọ́n fi ìwé náà pamọ́, kí ẹni tó ń bá òun figagbága má baà rí i. Ìmọ̀ tí a tì mọ́ inú àpótí kò yàtọ̀ sí ọgbọ́n ọ̀gá tó bá a wọ ilẹ̀.

Èkejì, ètò náà gbójú lé ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní ìlú tí àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń jó irin pọ̀ ju ilé-iṣẹ́ lọ, ta ni yóò ran ẹnjiníà lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń fi òpin ọ̀sẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí yunifásítì, tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ ọmọ sanwó ilé-ìwé, lórí ìwádìí tí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ kò béèrè rí. Eku méjì nìyẹn, aya àti ọmọ ló sì ń jẹ nínú òfo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìfẹ́ oyè. A fẹ́ràn kí orúkọ gùn: Olóyè Alhaji Ọ̀mọ̀wé Ẹnjiníà Lágbájá. Bí oyè yìí bá di ohun tí a kàn ń kọ sára káàdì ìpè ìgbéyàwó, a ti ba ohun rere jẹ́.

Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tó yẹ. Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́. A gbà nígbà náà pé ọmọ ogún ọdún kò lè fi ìwé nìkan di ẹnjiníà. Kí ló dé tí a gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó fẹ́ di dókítà? Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kí ìbéèrè ìwádìí ti ibi iṣẹ́ wá. Kí ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun wà lára àwọn tí yóò dán an wò. Kí olùwádìí sì kọ ojú ìwé díẹ̀ ní èdè tí alátùnṣe gbọ́. Níhìn-ín, Yorùbá ni.

Ọdún tó ń bọ̀ ni èmi náà yóò kọ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo sì fẹ́ kọ. Bí mo bá dé ibi oyè dókítà lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kí ìyá ẹlẹ́rọ ìlọta lè sọ ohun tí mo fi gbà á.