Iná Kékeré Tó Wà Lẹ́yìn Bọ́tìnnì Hítà

Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, èrò kún inú ọkọ̀. Èémí wọn ti bo gíláàsì iwájú, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣíwájú nìkan ni dẹ́rẹ́bà ń rí fírífírí. Ó nawọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù kó lè darí atẹ́gùn sójú gíláàsì, òkùnkùn ló bá níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan èyí, ó yí tọ̀hún, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè rí i dáadáa, ojú rẹ̀ sì kúrò lójú títì. Gílóòbù kan tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ ló jó.

Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ iyì ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe.

Ẹ mú Golf 3 tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1991, tí tòkúnbọ̀ rẹ̀ pọ̀ lójú títì Èkó nígbà kan. Ìlú olótùútù ni wọ́n ro ojú hítà rẹ̀ fún: bọ́tìnnì roboto mẹ́ta, àmì búlúù fún òtútù, pupa fún ooru. Ní Èkó, ọwọ́ kì í sábà dé apá pupa. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn tiẹ̀ ti so páìpù omi gbígbóná rẹ̀ pọ̀, kí omi náà má bàa dé inú ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì mẹ́ta yẹn náà ló ń darí fáànù àti atẹ́gùn AC, kò sì sí ẹni tí kò nílò ìwọ̀nyẹn lóru òjò.

Ríwáyà tó gbọ́ṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú síkúrúdíráfà. Yóò tan iná kékeré ọkọ̀, yóò rìn lọ sẹ́yìn, yóò wò ó bóyá iná ẹ̀yìn àti ti nọ́ńbà ń tàn, nítorí nínú àwọn ọkọ̀ kan, fíúsì kan náà ló ń gbé iná wá fún àwọn àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà nítòsí súwíìṣì iná, èyí tí wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù kù. Ọmọṣẹ́ kan tú dáṣíbọ́ọ̀dù tán lọ́jọ́ kan, ó ti to síkúrù jọ sínú agolo mílíìkì kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò yí kẹ̀kẹ́ náà sókè, gbogbo rẹ̀ sì tàn yòò. Ọmọ oníbàárà ló ti fi ṣeré. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni ọmọṣẹ́ yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú tó ń ka eré ọkọ̀ bá ń tàn, tó jẹ́ pé ti hítà nìkan ló ṣókùnkùn, a jẹ́ pé gílóòbù tàbí sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni.

Gílóòbù ọ̀hún kò wọ́n. Ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníbàárà ń sanwó fún, ibẹ̀ náà sì ni ẹwà iṣẹ́ yìí wà. Wọn á fa bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ ní tààrà, pẹ̀lú àkísà kó má bàa họ. Wọn á wá ṣí ìbòjú rẹ̀, kí wọ́n tó rí àwọn síkúrù. Ike tó ti lo ọdún 25 nínú oòrùn ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, eyín tó fi há mọ́ ara wọn kò sì gba agídí. Ọ̀gá kan kì í ṣí ike bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́. Ó máa ń dúró di ọ̀sán, kí ara ike náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó lè tẹ̀ láì dá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kébù wà, wáyà líle tó ń ti ilẹ̀kùn atẹ́gùn síwá sẹ́yìn. Ẹni bá fi ipá fà á á já kébù kúrò lára ìkọ́ rẹ̀: iná á tàn, atẹ́gùn ò ní gbọ́ràn mọ́.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré yọ orí bátìrì kó tó béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rédíò lọ́wọ́ oníbàárà. Rédíò Volkswagen ìgbà náà mìíràn máa ń kọ SAFE sójú tí iná bá ti kúrò lórí rẹ̀, á sì dákẹ́.

Bí gílóòbù bá jáde tán, ara rẹ̀ á sọ ìtàn. Wáyà tungsten tín-ín-rín inú rẹ̀ ń fò lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná, èyí tó fò á sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n tí gíláàsì bá mọ́, tí wáyà inú rẹ̀ ò sì já, ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ sókẹ́ẹ̀tì. Ìdọ̀tí ti bo ojú irin rẹ̀, ìwọ̀nba sánpépà ló ń fẹ́.

Wọ́ọ̀tì 1.2 ni ọ̀pọ̀ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀. Lórí fóòtì 12, ámípíà 0.1 péré ló ń fà, ooru rẹ̀ kò sì lè ba ike jẹ́. Oníbàárà kan ní òun fẹ́ kó mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnìkan sì bá a ki wọ́ọ̀tì 5 bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí ike ojú hítà fi yọ́, tí àwòrán ara rẹ̀ sì wọ́ bí ọ̀rá tó bọ́ sínú omi gbígbóná. Ìmọ́lẹ̀ tó tọ́ síbẹ̀ ni èyí tí ojú rí láì jẹ́ pé ó gba ojú lọ́wọ́ títì.

LED ti wá wọ iṣẹ́ náà, ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní ọ̀tún, ó ní òsì: bí kò bá tàn, wọn á yọ ọ́, wọn á yí i padà, wọn á tún kì í bọ̀ ọ́. Inú LED aláwọ̀ búlúù, èyí tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2014, ni LED funfun ti jáde. Ohun aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi bo búlúù náà kó lè funfun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí wọ́n bá fi sábẹ́ rọ́bà aláwọ̀ ewé tí àwọn ará Japan máa ń dé mọ́ gílóòbù, àwọ̀ rẹ̀ máa ń fì sí búlúù, tí ojú hítà kò sì ní bá ojú tó kù mu. Ìṣòro rẹ̀ kejì le jù. Gílóòbù àtijọ́ ń tàn yíká ara rẹ̀, iwájú nìkan ni LED ń tàn sí, nítorí náà àárín á mọ́lẹ̀ gan-an, etí á ṣókùnkùn. Ríwáyà tó bìkítà á fi sánpépà kíkúnná ha orí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó fi máa rí bí omi ògì, kí ìmọ́lẹ̀ lè fọ́n káàkiri.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lábẹ́ igi, ọ̀gá kan parí irú iṣẹ́ yìí lára Golf 3. Síkúrù mẹ́rin jáde, mẹ́rin wọlé. Oòrùn kò tíì wọ̀, ló bá ní kí ọmọṣẹ́ fi aṣọ bo gíláàsì iwájú, kí inú ọkọ̀ lè ṣú. Ó tan iná. Pupa yọ, búlúù yọ, nọ́ńbà fáànù yọ.

"Ọ̀gá, ó ti tàn o," ọmọṣẹ́ wí.

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. "Nọ́ńbà 4 ò mọ́lẹ̀ tó ìyókù. Bá mi mú síkúrúdíráfà wá."