Òpó, Ìlẹ̀kùn àti Ààyè Wọn: Àtúnyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Ọyẹ́-Èkìtì

Bí a bá fi àwòrán òpó ààfin han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí a bi wọ́n pé kí ni, ère ni wọn yóò pè é. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mo ń kọ èyí ní kíláàsì, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Inú ìwé ni wọ́n ti rí i, òun nìkan, láìsí òrùlé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó kì í ṣe ère. A lè gbé ère láti ojúbọ kan sí òmíràn. Òpó ní ilé tí ó ń gbé ró. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ fi wo ilé-iṣẹ́ ọnà Ọyẹ́-Èkìtì, nítorí ó dá wa lójú pé ibi tí kò yẹ ni àríyànjiyàn lórí rẹ̀ dúró sí.

Kí a tó dé Ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí a yà ní Ìkẹ́rẹ́. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó mẹ́rin sí ààfin Ògògà. Ọ̀kan nínú wọn ti wà ní mùsíọ́mù kan ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, báyìí. Ọba jókòó, ó dé adé tí ẹyẹ wà lórí rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lára àga. Àwọn kékeré wà ní ẹsẹ̀ ọba, ọ̀kan kúnlẹ̀, ọ̀kan ń fọn fèrè. Àlàfo tí Ọlọ́wẹ̀ fi sílẹ̀ láàárín wọn ni ó yẹ kí a wò dáradára. Nínú ilé tí a mọ yí àgbàlá ká, àárín tí kò ní òrùlé ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì ṣókùnkùn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àgbàlá ní láti gba inú àlàfo wọ̀nyí kọjá. Ẹni tí ó wá kí ọba, ilẹ̀ ni yóò ti wò ó, lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ní mùsíọ́mù, ìdúró ni à ń wò ó, iná mànàmáná sì tàn yí i ká. Igi náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ti kù sílé. (Ìlẹ̀kùn rẹ̀ náà lọ. A gbé e lọ sí Ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924, kò sì padà wá mọ́. Ògògà kò gba owó, àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀.)

Ní ọdún 1947 ni Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony ti Ìjọ Àgùdà dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, wà lára àwọn tí ó gbẹ́nà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Ìbéèrè tí a sábà ń gbọ́ ni pé: ṣé iṣẹ́ Yorùbá ni èyí, nígbà tí ìtàn Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́? Ní tiwa, ibi tí a gbé iṣẹ́ náà sí ni à bá kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ wo ìlẹ̀kùn. Àreògún a máa pín ìlẹ̀kùn sí ipele-ipele, a sì máa to ènìyàn àti ẹranko sí ipele kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà lè kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un. Bándélé àti Lámídì gbé ìlànà yìí wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ Lámídì wà ní ilé ìsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìtàn inú rẹ̀ yí padà, ẹnu ọ̀nà kò yí padà. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìlẹ̀kùn ni iṣẹ́ Ọyẹ́ tí ó yọrí jù lọ.

Òpó ni kò rí ibi dúró sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà náà jẹ́ ilé gbọọrọ: ògiri níhìn-ín, ògiri lọ́hùn-ún, páànù lókè. Kò sí àgbàlá láàárín, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí i ká. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ohun tí ó ń gbé ilé ró wá ń gbẹ́ ohun tí a ó fi kọ́ sára ògiri. Kì í ṣe ẹ̀sìn ni ó fa èyí. Àwòrán ilé ni. A kò sì lè di gbogbo rẹ̀ ru àwọn Fádà, nítorí ilé tiwa náà, ti onígbàgbọ́ àti ti aláìgbàgbọ́, ti ń di oníyàrá-méjì-méjì tí kò ní àgbàlá.

Ní ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ Ọyẹ́ parí, ọdún náà gan-an ni Àreògún kú. Lámídì ń gbẹ́ igi lọ títí ó fi kú ní ọdún 2009.

Ní kíláàsì, mo ti yí ọwọ́ padà. Àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yà sójú pátákó kí n tó mú àwòrán òpó jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, bí Ògògà bá jókòó, ṣé ẹ̀yìn òpó ni yóò wà ni, tàbí iwájú rẹ̀?